Orin Ọ̀sán ní Ìgbà Ogun: Bí Myra Hess Ṣe Tu Ìlú Lọ́ńdọ̀nù Lára, 1939 sí 1946

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Òótọ́ pọ́nńbélé ni. Arọ tí ó tètè gbọ́ pé ogun ń bọ̀ yóò tètè wá ibi forí pamọ́ sí, ẹ̀mí rẹ̀ kò sì ní bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan. Bí arọ yìí bá ti gbọ́, tí ó sì ti forí pamọ́, tí ẹnìkan wá jókòó tì í, tí ó ń pariwo sí i létí ní wákàtí-wákàtí pé, "Ogun ń bọ̀ o! Ogun ń bọ̀ o!", èrè wo ni arọ yóò rí níbẹ̀? Ọgbọ́n rẹ̀ kò ní torí èyí lé sí i. Àyà rẹ̀ ni yóò máa já, oorun ni yóò dá lójú rẹ̀, nígbà tí ogun bá sì dé ní tòótọ́, agbára tí ìbá fi rá pálá kúrò ní ọ̀nà lè ti tán.

Èmi kò wá láti bú ìròyìn. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ń lọ ní ìlú rẹ̀, àjèjì ni ní ìlú náà. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni bí ènìyàn ṣe lè gbọ́ ìròyìn búburú láìjẹ́ kí ìròyìn náà gba gbogbo ọkàn rẹ̀, àti iṣẹ́ tí orin lè ṣe nínú ọ̀ràn yìí. Kí ọ̀rọ̀ má baà dà bí ìwàásù lásán, ìtàn ni n ó fi gbè é lẹ́sẹ̀: ìtàn àwọn eré orin ọ̀sán tí wọ́n ṣe ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1939 títí di ọdún 1946, nígbà ogun tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní ogun Hitila.

Ìlú inú òkùnkùn

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Neville Chamberlain, sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì pé ilẹ̀ òun ti wọ ìjà pẹ̀lú ilẹ̀ Jámánì. Kí ó tó sọ ọ́ ni ìpayà ti gba ìlú. Láti alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù náà ni òfin ti jáde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí iná ilé rẹ̀ hàn síta, kí ọkọ̀ òfurufú ọ̀tá má baà fi ìmọ́lẹ̀ mọ ibi tí ìlú wà. Wọ́n kó àwọn ọmọdé tí iye wọn kò kéré kúrò ní àwọn ìlú ńlá lọ sí àwọn abúlé. Olúkúlùkù ń gbé ìbòjú kiri nítorí èéfín olóró. Ìjọba sì pàṣẹ pé kí gbogbo ilé sinimá, ilé eré àti gbọ̀ngàn orin ti ilẹ̀kùn wọn, nítorí wọ́n rò pé ibikíbi tí èrò bá pọ̀ sí ni bọ́m̀bù yóò ti pa ènìyàn jù.

Àní àwọn àwòrán pàápàá sá kúrò ní ìlú. Ní gbàgede Trafalgar, láàárín Lọ́ńdọ̀nù, ni ilé àwòrán ńlá tí a ń pè ní National Gallery wà. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn àwòrán iyebíye inú rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Wales. Nígbà tí ó yá, inú ihò òkúta kan ní abẹ́ òkè ní Manod ni wọ́n tọ́jú wọn sí. Ilé ńlá náà wá ṣófo, ògiri lásán ni ó kù.

Kí ni ó wá kù fún àwọn ará ìlú láti ṣe ní àkókò ìsinmi wọn? Ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì ni. Ilé-iṣẹ́ BBC ti pa àwọn ìkànnì rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo fún àwọn ará ilé. Ìròyìn ni wọ́n ń sọ léraléra, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìròyìn tuntun púpọ̀, nítorí ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ bọ́m̀bù tí gbogbo ènìyàn ń retí kò tíì bọ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ àná ni wọ́n ń tún sọ lónìí. Láàárín ìròyìn kan sí èkejì, wọ́n a fi àwo orin sí i, tàbí kí ọkùnrin ará Kánádà kan tí ń jẹ́ Sandy MacPherson jókòó sí ìdí dùùrù ńlá kí ó máa tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin yìí ṣe iṣẹ́ bí ẹrú ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, òun náà ni. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń ráhùn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ ṣe àkíyèsí ibí yìí dáadáa, nítorí ìdí ọ̀rọ̀ wa wà níbẹ̀. Orin wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹsàn-án 1939. Kì í ṣe pé orin wọ́n. Ṣùgbọ́n orin tí wọ́n há sí àárín ìpayà méjì kì í tu ènìyàn lára. Ẹni tí ń gbọ́ ọ kò gbọ́ orin. Ìròyìn tí yóò tẹ̀lé e ni ó ń dúró dè. Inú àpótí kan náà ni àrùn àti oògùn ti ń jáde, etí kò sì mọ èyí tí yóò gbà nínú méjèèjì.

Obìnrin onípíánò

Ní àkókò yìí ni obìnrin kan dìde. Myra Hess ni orúkọ rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1890, sí ìdílé Júù, ilé-ẹ̀kọ́ orin Royal Academy of Music ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́, lọ́dọ̀ Tobias Matthay. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí ó fẹ́ràn píánò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Amẹ́ríkà tí kò mọ̀ ọ́n. Ìrìn-àjò iṣẹ́ sí Amẹ́ríkà ti wà nílẹ̀ fún un ní ọdún náà. Ìbá lọ, owó ìbá wọlé, ìbá sì sùn ní ibi tí bọ́m̀bù kò lè dé. Kò lọ. Ó fagi lé ìrìn-àjò náà, ó ní ilé ni òun yóò wà.

Hess tọ Kenneth Clark lọ, ẹni tí ó jẹ́ olùdarí National Gallery. Ó bi í bí àwọn olórin kò bá lè máa wá kọrin nínú ilé tí ó ṣófo yìí ní ọ̀sán, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá jáde láti jẹun. Clark gbà tayọ̀tayọ̀. Hess rò pé bóyá ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀nlọ́gbọ̀n ni wọn yóò máa ṣe é. Clark ní èé ṣe tí kò fi ní jẹ́ ojoojúmọ́. Ìjọba náà yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí èrò inú ilé má ju 200 lọ.

Eré kìíní wáyé ní aago kan ọ̀sán ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 1939. Hess kò fẹ́ kí ẹlòmíràn fi orúkọ rẹ̀ wewu bí nǹkan bá dàrú, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ni ó jókòó sí ìdí píánò. Àwọn tí ó ṣètò eré kò mọ̀ bóyá ènìyàn yóò wá. Ṣùgbọ́n èrò tò gbọọrọ yí ilé náà ká, bí ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn ni ó dé. Ọ̀pọ̀ ni kò rí àyè wọlé. Àwọn tí ó wọlé jókòó sórí àga, àwọn mìíràn jókòó sílẹ̀, àwọn mìíràn sì fara ti ògiri níbi tí àwọn àwòrán wà tẹ́lẹ̀. Hess tẹ iṣẹ́ Beethoven tí wọ́n ń pè ní Appassionata fún wọn, ó sì tẹ orin ìjọ kan tí Bach ṣe, tí òun fúnra rẹ̀ ti tún tò fún píánò.

Bí wọ́n ṣe ṣe é

Ó dára kí a mọ bí wọ́n ṣe ṣètò nǹkan yìí, nítorí ọ̀pọ̀ èrò rere ni ó ń kú nítorí àìsí ètò. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì ni eré ń wáyé, ní aago kan ọ̀sán. Ṣílè kan péré ni owó ìwọlé, tí òṣìṣẹ́ kékeré lè san. Kò sí àyè pàtàkì fún olówó. Ẹni tí ó bá tètè dé ni í jókòó síwájú. Gíní 5 ni wọ́n ń san fún olórin kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ olórúkọ ńlá, ìbáà jẹ́ ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́. Hess ní tirẹ̀ kò gba kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun tìkára rẹ̀ tẹ píánò ní bí 150 nínú àwọn eré náà. Èrè tí ó bá kù, àpò ìrànlọ́wọ́ fún àwọn olórin tí kò ní iṣẹ́ ni wọ́n ń dà á sí, nítorí títì tí ìjọba ti gbogbo gbọ̀ngàn ti gba oúnjẹ lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Wọn kò gbàgbé ikùn. Àwọn obìnrin kan fi ara jìn láti máa ta oúnjẹ ní tòsí gbọ̀ngàn. Búrẹ́dì tí wọ́n fi oyin àti èso àjàrà gbígbẹ há láàárín ni ó lókìkí jù níbẹ̀. Ẹni tí ó bá jáde ní ọ́fíìsì ní aago méjìlá ààbọ̀ lè jẹun, kí ó gbọ́ orin fún bí wákàtí kan, kí ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìdí nìyí tí eré náà kò fi di ohun ìgbádùn àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan. Akọ̀wé wá, nọ́ọ̀sì wá, sójà tí ó ní ìsinmi ọjọ́ kan wá, ayaba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà wá.

Nígbà tí bọ́m̀bù dé

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 1940, ohun tí wọ́n ti ń bẹ̀rù láti ọdún kan dé. Ọkọ̀ òfurufú Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí da bọ́m̀bù sí Lọ́ńdọ̀nù, òru 57 ni wọ́n sì fi dà á léraléra láìsinmi. Kí ìkọlù náà tó rọlẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1941, ó lé ní 40,000 ènìyàn tí ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kì í ṣe sójà. Ní òru ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 1941, bọ́m̀bù jó Queen's Hall, gbọ̀ngàn orin tí ó lókìkí jù ní ìlú náà, kanlẹ̀.

National Gallery náà kò bọ́. Bọ́m̀bù bà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Gíláàsì ni òrùlé yàrá tí wọ́n ti ń ṣeré, nítorí náà wọ́n kó píánò àti àga lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, ibi tí ó há, tí ó tutù, tí afẹ́fẹ́ kò sì tó. Ó ní ìgbà kan tí bọ́m̀bù tí kò tíì bú wà nínú ilé náà; wọ́n gbé eré lọ sí ibi tí ó jìnnà sí i, wọ́n sì bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tí kò sùn ní òru nítorí ariwo bọ́m̀bù, tí ó fi ẹsẹ̀ rìn gba orí àfọ́kù gíláàsì lọ sí ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀, ni yóò wá jókòó ní aago kan ọ̀sán kí ó máa gbọ́ Mozart.

Níbí ni àwọn kan yóò ti béèrè pé: ṣé èyí kì í ṣe ìwà aláìnírònú? Ilé ń jó, ẹ ń kọrin? Ìbéèrè náà tọ́, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín sá fún un. Orin a máa mú ọ̀lẹ sùn lọ bí ó ti ń tu akíkanjú lára. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Àwọn tí ń wá gbọ́ orin náà kò sọ pé kò sí ogun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń ṣọ́ òrùlé lóru nítorí iná, tí ó ń tọ́jú aláìsàn, tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n gbọ́ ìròyìn ní òwúrọ̀, wọn yóò sì tún gbọ́ ọ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Wákàtí kan péré ni wọ́n yà sọ́tọ̀ tí ìròyìn kò gbọdọ̀ wọ̀. Àwọn àgbà wa ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹni tí omijé bò lójú pátápátá kò lè rí ọ̀nà fi gbé òkú rẹ̀ lọ sin.

Orin ọ̀tá

Nǹkan kan tún wà nínú ìtàn yìí tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn rò dáadáa. Orin ta ni wọ́n ń gbọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí Jámánì ń da bọ́m̀bù lù wọ́n? Orin Bach ni, orin Beethoven ni, orin Brahms ni: àwọn ọmọ Jámánì. Mozart àti Schubert, ọmọ Austria ni wọ́n, ilẹ̀ tí Hitila ti gbà mọ́ Jámánì ní ọdún 1938. Ìbá rọrùn fún Hess láti sọ pé kí a má ṣe gbọ́ orin ọ̀tá mọ́. Ọmọ Júù ni, ó sì mọ ohun tí ìjọba Hitila ń ṣe sí àwọn Júù. Ṣùgbọ́n kò gbà pé Hitila ni ó ni Beethoven. Elena Gerhardt, akọrin ọmọ Jámánì tí ó ti sá wá sí Lọ́ńdọ̀nù, kọrin níbẹ̀ ní èdè Jámánì, àwọn èrò sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìròyìn ogun ti kọ́ àwọn ènìyàn pé ọ̀tá ni gbogbo Jámánì. Wákàtí orin náà rán wọn létí pé ènìyàn pọ̀ ju ohun tí ìròyìn ń sọ nípa wọn lọ. Ẹni tí kò bá jìnnà sí ìròyìn rárá kò ní rántí èyí.

Àwọn ọmọ wa ní ìgbà náà

Kì í ṣe àwọn òyìnbó nìkan ni ogun yìí kàn. Láti oṣù kejìlá ọdún 1935 ni àpótí Rediffusion ti wà ní Èkó, tí ń gba ohùn BBC wá láti òkè òkun nípa wáyà. Àpótí yìí kò ní ohùn méjì. Bí Lọ́ńdọ̀nù bá sọ̀rọ̀, ìwọ yóò gbọ́. Bí o kò bá fẹ́ gbọ́, kí o pa á ni ó kù. Nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ jagun ní Bọ́mà, ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ kò lè ṣe kí ó má tẹ́tí sí ohun tí àwọn aládùúgbò bá gbọ́ nínú rẹ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù gan-an, ọmọ wa kan wà níbẹ̀ tí ó ń fi orin ṣe iṣẹ́. Fẹlá Ṣówándé ni, tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1905, tí ó dàgbà nínú orin ṣọ́ọ̀ṣì ní Èkó kí ó tó ré òkun kọjá. Ó tẹ dùùrù, ó tẹ píánò, ó bá àwọn olórin jáàsì ṣeré. Ní ọdún 1943, nígbà tí ogun ṣì gbóná, ó gba oyè gíga ti àwọn atẹdùùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1944 ó parí African Suite, iṣẹ́ orin fún àwọn ohun èlò olókùn, tí ó fi ohùn orin Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sí. Ẹ rò ó wò: àwọn ọdún tí ìròyìn ikú kún ilé, kún òde, ni ọmọ Yorùbá kan jókòó tí ó ń ronú orin ilé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìròyìn nìkan ni ó gbà láyè nínú ọkàn rẹ̀, iṣẹ́ náà kì bá tí sí fún wa láti gbọ́ lónìí.

Ìparí eré, àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ogun parí ní Yúróòpù ní oṣù karùn-ún ọdún 1945. Àwọn àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí padà sílé, ilé náà sì nílò àwọn yàrá rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1946 ni wọ́n ṣe eré ìkẹyìn. Inú Hess kò dùn sí i. Ìbá wù ú kí ó máa bá a lọ. Iye eré tí wọ́n ti ṣe jẹ́ 1,698, àwọn tí ó sì wá gbọ́ wọn lé ní 750,000. Ọdún mẹ́fà àti ààbọ̀ géérégé ni. Ọba ti fi oyè dá Hess lọ́lá láti ọdún 1941. Ó kú ní ọdún 1965.

Kí ni èyí kàn wá, àwa tí a ń kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga lónìí? Àpótí ìròyìn tiwa kò sí lára ògiri mọ́. Àpò ṣòkòtò ni ó wà, ó sì ń bá wa lọ sí orí ibùsùn. Ìjì, ìjà, ìjínigbé, ọ̀wọ́n ọjà, ogun ilẹ̀ òkèèrè: gbogbo rẹ̀ ni ó ń dún létí wa láàárọ̀ kí a tó fọ ẹnu. Orin náà wà nínú fóònù yìí kan náà, bí orin ti wà nínú ẹ̀rọ BBC ní oṣù kẹsàn-án 1939, tí ìròyìn sì ń já a gbà ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń gbọ́ orin láti òwúrọ̀ di alẹ́ tí ara kò sì tù wá.

Ohun mẹ́ta ni mo rí kọ́ lára àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Èkíní, wọ́n dá àkókò sí i: aago kan ọ̀sán, kò yẹ̀. Èkejì, wọ́n dìde kúrò ní ìdí ẹ̀rọ, wọ́n lọ sí ibìkan, wọ́n sì bá àwọn ẹlòmíràn jókòó pọ̀, nítorí ìpayà a máa wúwo ju ẹrù lọ lórí ẹni tí ó dá nìkan jókòó. Ẹ̀kẹta, nígbà tí wákàtí náà pé, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́.

Kò sí èyí tí ó ju agbára ẹgbẹ́ wa lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A ní onílù láàárín wa, a ní àwọn tí ó mọ ìjálá àti rárà, a ní àwọn tí ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Yàrá kan kò wọ́n wa, bẹ́ẹ̀ ni wákàtí kan lọ́sẹ̀ kò wọ́n wa, ní ọ̀sán, tí a ó ti pa fóònù kí a tó wọlé. Kí àwọn tí ó ń darí ẹgbẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní ìpàdé tí ń bọ̀. Bí ènìyàn mẹ́wàá péré bá wá ní ọjọ́ kìíní, kí wọ́n má ṣe tijú. Kí onílù jókòó, kí ó bẹ̀rẹ̀.